Ìbọn Abẹ́ Agbádá: Èwo Ni Ká Yàn?

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá, ní Ìsọlọ̀

  Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ yìí, àwọn kan ní ẹgbẹ́ aṣọ ẹbí lásán ni, pé bí aṣọ bá ti gbó, ẹgbẹ́ náà á gbó. Aṣọ ti gbó lóòótọ́, ẹgbẹ́ kò gbó. Ọlọ́run ló ṣe é.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀, wọ́n rò pé n óò sọ ìtàn Amẹ́ríkà, torí mo ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ fún ọdún mọ́kànlá ní ìlú Houston kí n tó padà sílé. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà lọ́kàn mi. Ní ìpàdé wa kan lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí a jẹun tán, ọ̀kan nínú wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn adigunjalè ti ká a mọ́ ẹnu géètì ilé rẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Wọ́n gba ọkọ̀, wọ́n gba fóònù, wọ́n sì gbá ìyàwó rẹ̀ létí lójú rẹ̀. Kò sí ohun tó lè ṣe. Ó wá bi mí pé, "Ìwọ tí o ti gbé ìbọn rí, jọ̀ọ́, nínú àwọn ìbọn ìléwọ́ kéékèèké wọ̀nyẹn, èwo ló dáa jù tí mo lè fi sábẹ́ agbádá tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀? Ẹnì kan ti ní òun á bá mi wá a."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n gbá ìyàwó rẹ̀ létí lójú rẹ̀ kì í ṣe ẹni à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀, pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ohun tí èèyàn ń sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà omi. Láti ìgbà náà, àwọn mẹ́ta mìíràn ti bi mí ní ìbéèrè kan náà. Nítorí náà, n óò dáhùn rẹ̀ lónìí lójú gbogbo yín, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. N óò kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń yàn án níbi tí òfin ti gbà á, lẹ́yìn náà n óò sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń YÀN ÁN NÍ TEXAS

Ní ìpínlẹ̀ Texas, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì kà á léèwọ̀ fún láti ní ìbọn, lè fi ìbọn ìléwọ́ sábẹ́ aṣọ rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Kó tó di ìgbà yẹn, ìwé àṣẹ ni wọ́n ń gbà, àwọn kan sì ń gbà á títí di òní. Bí o bá wọ ilé ìtajà ìbọn níbẹ̀, wọ́n á tẹ́ oríṣiríṣi síwájú rẹ bí àwọn ọmọ Ìkẹjà ṣe ń tẹ́ fóònù. Ruger LCP wà níbẹ̀, èyí tó jáde lọ́dún 2008, tó kéré débi tó fi wọ àpò ṣòkòtò. Smith & Wesson Shield wà níbẹ̀, tó jáde lọ́dún 2012. Glock 43 dé lọ́dún 2015, ó ń gba ọta mẹ́fà. SIG P365 dé lọ́dún 2018, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju Glock yẹn lọ, síbẹ̀ ó ń gba ọta mẹ́wàá. Ìyẹn ló mú kí àwọn yòókù sáré lọ tún tiwọn ṣe.

Ẹni tó ń rà fún ìgbà àkọ́kọ́ á nawọ́ sí èyí tó kéré jù. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìbọn tó bá fúyẹ́ máa ń gbá ọwọ́ ẹni tó yìn ín ju èyí tó wúwo lọ, torí agbára ọta kò dín kù, irin tí yóò gba agbára náà mọ́ra ló dín kù. Imú rẹ̀ kúrú, nítorí náà àmì méjèèjì tí à ń fojú tò kí ọta tó lọ síbi tí a fẹ́ sún mọ́ ara wọn jù. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, ọta á yẹ̀ púpọ̀. Ibi ìdìmú rẹ̀ kúrú, ìka tó kéré jù kì í rí ibi dì mú. Nítorí náà, ìbọn tó rọrùn jù láti fi pamọ́ ló ṣòro jù láti lò. Àwọn tó ti ń gbé e fún ọ̀pọ̀ ọdún mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yan èyí tó tóbi díẹ̀, tí wọ́n á sì wá aṣọ tí yóò bò ó.

Ohun tí wọ́n ń wò nìwọ̀nyí. Èkíní, ṣé ó bá ọwọ́ rẹ mu, tí ìka rẹ fi dé ibi tí à ń fà láìjẹ́ pé o ń nà án? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń háyà ìbọn ní pápá ìyìnbọn, kí èèyàn dán an wò kó tó sanwó. Èkejì, àkọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Àkọ̀ gbọ́dọ̀ le, kó sì bo ibi tí à ń fà pátápátá, kí aṣọ, kọ́kọ́rọ́ tàbí ìka má bàa kàn án. Ẹni tó ki ìbọn bọ bẹ́líìtì lásán, tàbí tó jù ú sínú àpò pẹ̀lú owó ẹyọ, ara rẹ̀ ló kọ ọ́ sí. Ẹ̀kẹta, ta ni yóò máa bá ọ lọ sí pápá? Ẹni tó ra ìbọn, tó yìn ín lẹ́ẹ̀kan, tó wá fi í sílẹ̀ fún ọdún kan, kò yàtọ̀ sí ẹni tó ra dùùrù tó sì ń retí pé kóun lè tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ ìsìn. Ẹ̀kẹrin, níbo ni yóò máa sùn? Inú àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́ ni, lálaalẹ́, láìyẹ ọjọ́ kan.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ibi tí wọn kò gbọ́dọ̀ gbé e wọ̀ ṣì wà. Ní Texas náà, ilé ọtí tí owó ọtí tí wọ́n ń mu níbẹ̀ bá ju ìdajì owó tó ń wọlé fún un lọ, wọ́n máa ń lẹ àkọlé ńlá mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé ìbọn kò gbọ́dọ̀ wọlé. Àwọn tó fẹ́ràn ìbọn jù láyé mọ̀ pé ọtí àti ìbọn kì í jókòó sídìí tábìlì kan náà. Ẹ wo àwọn ìgò tó wà níwájú wa níhìn-ín lónìí, kí ẹ wá bá mi ka iye wa tí ì bá ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ sílé.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ PÁLỌ̀ MI

N óò sọ ọ̀kan tí mi ò fẹ́ràn láti sọ. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, wọ́n kọ́ mi, wọ́n dán mi wò, ìwé iṣẹ́ mi pé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ti ẹnu iṣẹ́ òru dé, oorun ń kùn mí. Mo gbé báàgì mi sórí àga ní pálọ̀ pé kí n mu omi díẹ̀ kí n tó lọ ti ìbọn mọ́nú àpótí. Oorun gbé mi lọ lórí àga náà. Ohun tó jí mi ni ohùn ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ó ní, "Dádì, èyí wúwo." Ó ti yọ ọ́ kúrò nínú àkọ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló fi dì í mú, imú rẹ̀ sì dojú kọ ikùn ara rẹ̀.

Mi ò pariwo. Mo kàn ní, "Gbé e kalẹ̀ fún Dádì, jẹ́ẹ́jẹ́." Ó gbé e kalẹ̀. Ọmọ náà ti di géńdé báyìí, kò tilẹ̀ rántí. Èmi ni mo ń rántí. Àwọn baba wa ní, ìbọn lápátí o, kò lápátí o, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí òun? Ọmọ mi kọ ọ́ sí ara rẹ̀ nítorí pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni mo fi ṣàìbìkítà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá yan ìbọn ti yan pé òun kò ní ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àìbìkítà mọ́ títí ọjọ́ ikú. Ẹ jẹ́ kí kálukú wa bi ara rẹ̀ bóyá òun lè ṣe é. Èmi kò lè ṣe é. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ yẹn parí ni mo tà á.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e wá sí Òṣòdì. Ká ní ó wà lábẹ́ agbádá rẹ lóòótọ́. Gosiló mú ọ ní Cele, o jókòó sínú ọkọ̀, bẹ́líìtì ọkọ̀ gba àyà rẹ kọjá. Ọmọkùnrin méjì yọ lórí ọ̀kadà, ọ̀kan fi ìbọn kan gíláàsì. Tirẹ̀ ti wà lọ́wọ́. Tìrẹ wà lábẹ́ bẹ́líìtì, lábẹ́ agbádá, lábẹ́ bùbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣòkòtò. Kí o tó ká agbádá sí èjìká, ó ti rí ọ. Bí ó bá sì rí i pé ìbọn lò ń wá, kò ní jẹ́ fóònù ló fẹ́ gbà mọ́. Bí orí bá sì kó ọ yọ, ìbọn rẹ ni wọn yóò gbé lọ, òun ni wọn yóò sì fi ka ẹlòmíràn mọ́ lálẹ́ ọ̀la. Ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ká mọ́ ẹnu géètì, mo bi í pé, "Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìgbà wo lo kọ́kọ́ rí wọn?" Ó ní ìgbà tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ ni. Ó dákẹ́, èmi náà dákẹ́.

OHUN TÍ ÒFIN WA SỌ

Ẹ̀yin lọ́yà tó wà láàárín wa, ẹ bá mi gbè é lẹ́sẹ̀ bí mo bá ṣì í sọ. Òfin tó de ìbọn ní Nàìjíríà ni Firearms Act ti ọdún 1959. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta.

Ọ̀nà kìíní ni àwọn tó jẹ́ èèwọ̀. Nínú rẹ̀ ni bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò ọta àti ìbọn àwọn ológun wà. Ibẹ̀ náà ni gbogbo ìbọn ìléwọ́ wà, ìbáà jẹ́ oníyípo, ìbáà jẹ́ pẹlẹbẹ, ìbáà jẹ́ kékeré bí àtẹ́lẹwọ́. Ẹni kan ṣoṣo tó lè fún aráàlú ní ìwé àṣẹ fún un ni Ààrẹ orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀. Kì í ṣe DPO, kì í ṣe Kọmíṣọ́nnà, kì í ṣe Gómìnà. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé òun lè bá yín gba "ìwé" fún ìbọn ìléwọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá kan, ó fẹ́ jẹ owó yín ni, ẹ̀wọ̀n ló sì ń tà fún yín. Ìjìyà ẹni tí wọ́n bá ká irú ìbọn yìí mọ́ lọ́wọ́ láìgba àṣẹ kò kéré sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Òfin ìdigunjalè àti ìbọn ti ọdún 1984 tún fi tirẹ̀ lé e. Ẹni ọgọ́ta ọdún tó bá wọlé síbẹ̀ lónìí, ẹ bá mi ṣírò ìgbà tí yóò jáde.

Ọ̀nà kejì ni ìbọn tí aráàlú lè ní, bí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè bá fún un ní ìwé àṣẹ: ìbọn ọdẹ tí kì í fúnra rẹ̀ ti ọta bọnu, irú ìbọn eré ọdẹ kan, àti ìbọn afẹ́fẹ́ pàápàá. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: ìbọn pump action, tí à ń fà síwá sẹ́yìn kí ọta mìíràn tó bọ́ sẹ́nu rẹ̀, kò sí nínú ọ̀nà kejì yìí, torí òfin yọ gbogbo ìbọn ọdẹ tó ní ẹ̀rọ ìkì ọta kúrò. Òun náà bọ́ sínú èèwọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù mú kọ̀ǹténà kan lójú ọ̀nà Mile 2 níbí, wọ́n kó ilẹ̀kùn irin bo 661 irú ìbọn bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà ní gbangba ni, kí ni wọ́n ń fi ilẹ̀kùn bò ó fún?

Ọ̀nà kẹta ni ìbọn ìbílẹ̀, ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa. Òun pàápàá ń fẹ́ ìwé.

Bí òfin kò bá fún ẹnì kan ní ìwé àṣẹ, ara ohun tó ń wò ni pé ẹni náà kò tíì pé ọdún 17, tàbí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ó jẹ́ ọ̀mùtí, tàbí ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ìgbà tí mo kà á fún ìyàwó mi, ó ní ti ojú àti ti ọtí yẹn nìkan ti tó láti fi dá ẹgbẹ́ wa dúró.

Òótọ́ ni pé ìwé òfin wa ti ọdún 1999 gbà kí èèyàn lo agbára tó mọ níwọ̀n láti gba ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn là. Kò gbà kí ó fi ohun èèwọ̀ ṣe é. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọlọ́pàá yóò bi ọ, kó tó bi ọ nípa olè, ni pé: níbo lo ti rí ìbọn?

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kí ọmọ lókè òkun, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ẹni tó bá fi fisà àbẹ̀wò wọ Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn kò gbà kí ó ní ìbọn lọ́wọ́, àfi fún nǹkan díẹ̀ bí ẹni tó gba ìwé ọdẹ. Bí ọmọ yín bá ní, tó sì fẹ́ fi yangàn, ẹ yìn ín láti òkèèrè, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ní Maryland, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, ìwé àṣẹ pọn dandan kí èèyàn tó gbé e jáde. Ní Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1997 ni wọ́n ti gba ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ aráàlú, lẹ́yìn tí ẹnì kan fi tirẹ̀ pa ọmọ iléèwé 16 àti olùkọ́ wọn ní Dunblane ní oṣù kẹta ọdún 1996. Ìbọn tó sì bófin mu ní Houston kò bófin mu mọ́ tó bá ti balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú tó wà lẹ́bàá wa níhìn-ín. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan tì í bọ inú ẹrù yín.

OHUN TÍ A TI RÍ NÍ ÒKÈ-ÀFÀ

Àwa ará Ìsọlọ̀ kò yẹ kó jẹ́ àwa ni wọn yóò máa kọ́ pé ohun ìjà kì í mọ ẹni tó ni ín. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ilé ìkó-ohun-ìjà bàrékè Ìkẹjà gbiná. Àwọn tó ni ohun ìjà náà ní àṣẹ, wọ́n ní ìwé, wọ́n ní ẹ̀kọ́. Síbẹ̀ ó bú gbàmù. Àwọn ènìyàn tí kò fọwọ́ kan ìbọn rí láyé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nínú òkùnkùn, wọ́n sáré dé odò Òkè-Àfà, wọn kò sì mọ̀ pé odò ni. Àwọn tó kú lálẹ́ ọjọ́ yẹn lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ obìnrin àti ọmọdé tí omi gbé. Ibi ìrántí wọn wà níbẹ̀ títí di òní. Àwọn kan jókòó síbí tí wọ́n wá ọmọ wọn dé etí odò náà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbọn kan lábẹ́ agbádá kò tó ilé ìkó-ohun-ìjà. Ṣùgbọ́n ilé tí a ń gbé ní Máfolúkù àti Òkótà, ògiri wọn lẹ̀ mọ́ra. Ọta tó bá ṣìnà ní pálọ̀ mi, yàrá ọmọ aládùúgbò ni yóò bọ́ sí. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

KÍ LA WÁ LÈ ṢE?

Ẹni tó bá ní ká má ra ìbọn, tí kò sì sọ ohun tí a ó ṣe, kò ràn wá lọ́wọ́. Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe irọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n ti ń ká wa mọ́. Ẹnu géètì ni, lóru, nígbà tí a ń tẹ fèrè kí ẹnì kan wá ṣílẹ̀kùn. Nítorí náà, iná gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu géètì náà, iná oòrùn tí kò dúró de NEPA. Ẹ pe ilé láti ìkóríta kí ẹ tó dé, kí ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn ti dúró. Bí ẹ bá rí ọ̀kadà tí ẹ kò mọ̀, ẹ kọjá géètì yín, ẹ lọ yípo wá. Bí wọ́n bá sì ká yín mọ́, ẹ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ ní iye, ẹ̀mí kò ní iye. Nọ́ńbà 112 àti 767 ni ti pàjáwìrì ní Èkó, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé mọ̀ ọ́n sórí bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ara wọn.

Ọdẹ àdúgbò ńkọ́? Ẹ gba èyí tí ẹgbẹ́ onílé mọ ìdílé rẹ̀, tí orúkọ àti fọ́tò rẹ̀ wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Bí ẹ bá lọ gba ẹ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ aládàáni, ẹ rántí pé òfin ọdún 1986 tó de àwọn iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbà kí wọ́n gbé ìbọn. Ẹ má tan ara yín pé ìbọn tó wà lọ́wọ́ mẹ́gádì yín kò kàn yín. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò sílẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 2016, àwọn tí à ń pè ní Neighbourhood Safety Corps. Wọ́n wà láàárín wa. Mélòó nínú wa ló mọ orúkọ ẹyọ kan nínú wọn?

Àwọn ọmọkùnrin tó ń jókòó sí ìkóríta wa náà ńkọ́? Àwọn ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ tí ẹni àjèjì bá wọ àdúgbò. Bí a bá ń kọjá lára wọn lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń kọjá lára òpó iná, wọn kò ní pè wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí nǹkan. Kíkí kò gba owó. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ìjọba pàápàá mọ èyí. Lọ́dún 2007, nígbà tí ọ̀rọ̀ olè fẹ́ borí Èkó, wọ́n dá àpò owó ètò ààbò sílẹ̀, Lagos State Security Trust Fund, kí àwọn iléeṣẹ́ àti aráàlú lè dáwó sí i láti fi ra ọkọ̀ àti ohun èlò fún àwọn ọlọ́pàá. Bí ìjọba bá ń dáwó jọ, ta ni èmi tí mo fẹ́ dá ṣe tèmi lábẹ́ agbádá?

Nítorí náà, Ààrẹ, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ọdún mẹ́wàá ni a ti ń dá owó aṣọ. Ẹ jẹ́ kí ọdún kọkànlá jẹ́ ọdún tí a dá owó iná. Ká ka òpópónà tí àwa ọmọ ẹgbẹ́ ń gbé, ká gbé iná oòrùn méjì méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká sì fi kún owó oṣù ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Bí ó bá tó àkókò àjọ̀dún tó ń bọ̀, ká wọ aṣọ tí a ti ní. Ẹ̀yin ìyàwó wa, mo rí i pé ẹ ń wò mí. Ẹ dárí jì mí.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọ̀rẹ́ mi tó bi mí léèrè wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Mo ti sọ gbogbo èyí fún un ní ilé rẹ̀, níwájú ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó náà gbọ́ ọ tán, ó ní òun yóò gba ìgbátí mìíràn ju kí òun máa lọ gbé oúnjẹ fún ọkọ òun ní ẹ̀wọ̀n Kirikiri lọ. Ọ̀rẹ́ mi kò tíì fún mi lésì. Mi ò bínú sí i, torí ẹ̀rù rẹ̀ kò tíì lọ, kò sì lè lọ níwọ̀n ìgbà tí òpópónà rẹ̀ bá ṣókùnkùn. Ẹ jẹ́ ká tan iná síbẹ̀ kí ẹni tó ní òun á bá a wá ìbọn tó padà wá.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ̀ rèé: nínú gbogbo àwọn ìbọn kéékèèké yẹn, kò sí èyí tó kéré tó láti wọ abẹ́ agbádá ní Ìsọlọ̀.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ìwọlé àti ìjáde wa. A kò ní fi ẹsẹ̀ ara wa rìn lọ síbi tí wọn yóò ti tì wá mọ́lé. Ọmọ wa kò ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ikú. Ọdún mẹ́wàá mìíràn, a ó tún pé jọ síbí, kò ní dín ẹnì kan. Àṣẹ.